Ẹni Tó Ń Gbé Inú Ilé Etí Adágún

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti yé já òwú? Etí yín tí kò gbọ́ fóònù mọ́ yìí ló sọ wá di ẹni tó ń kọ̀wé síra wa bí àwọn ará àtijọ́, àmọ́ mo ti ń gbádùn rẹ̀. Èmi náà wà dáadáa. Òtútù ibí ni kì í jẹ́ kí èèyàn rójú, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló yẹ wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ibi jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kàn. Mi ò ní lè wá lọ́dún yìí. Wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú mi lọ láti tún un ṣe, wọn ò sì tíì dá a padà. Bí mo bá jáde kúrò níbí kí òmíràn tó dé, ẹnubodè ni wọ́n á dá mi dúró sí nígbà tí mo bá ń padà bọ̀, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyí. Ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni ilé ìsinmi tí mo kọ́ yìí. Àbúrò yín, Ìyá Kékeré, kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti fọ́ ilé tó tẹ̀ lé tiwa létí adágún, wọ́n kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná lọ tòun ti férémù rẹ̀. Olè tó ráyè yọ férémù ò kánjú. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Bàbá mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí gan-an nìyí. Àwọn olówó tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, èmi ni mo máa ń bá wọn ṣọ́ ọ títí wọ́n á fi dé. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé olè kì í bẹ̀rù àgádágodo, èèyàn ló ń bẹ̀rù. Ilé tó bá ti dà bíi pé èèyàn wà nínú ẹ̀, á ré e kọjá ni.

Nítorí náà, ẹ gbà mí. Mo fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá ti fi sí ojú iná pálọ̀, iná á máa tàn fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á sì máa kú fúnra rẹ̀. Ẹ máa ṣí kọ́tìnnì láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa pa á dé bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ gbé bàtà mi kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ máa sá aṣọ mi sórí okùn, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gé koríko. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò sí nílé. Ẹ sì bọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lọ́rùn, gbogbo ìlú ló mọ ohun tó ń ṣí. Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, ẹ̀yin náà lẹ gbàgbé fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ tí òjò fi wọ inú yàrá. Ẹ má jẹ́ ká tún gbọ́ irú ẹ̀.

Èmi ọmọ yín kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Sísí mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà. Mo wà láàyè. Orúnkún ń ṣe tiẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi, a ò bá ara wa jà. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni kò níyì mọ́. Àwọn oníbàárà tó kù fún mi ò ju àwọn tó fẹ́ kí n bá wọn fẹ ṣòkòtò níbàdí lọ. Ká ní ìyá rẹ wà láyé ni, ì bá ti ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá nasẹ̀ sílé.

O ní o ò ní wá, mo ti gbọ́. Kí lẹ́tà yẹn tó dé ni mo ti fọ gbogbo kọ́tìnnì yàrá rẹ, tí mo ti sá bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn. Ká ní o tètè sọ ni, ǹ bá má ti dààmú ọwọ́ mi. O sì ní kí n má bínú. Bí èèyàn bá fẹ́ bẹ àgbà pé kó má bínú, ó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́ kó bínú tán ná.

Ẹ̀rọ iná rẹ ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iná tàn fúnra rẹ̀, àga ni mo gbé sókè láti fi la ẹni tó tàn án mọ́lẹ̀. Kápẹ́ńtà tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé rẹ rí mi láti ojú fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé o ò sí nílé, kò sì ní sọ, nítorí ẹnu ẹ̀ kì í yá. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí, èmi àti iná náà.

Nípa ti aṣọ sísá, ṣé o rò pé télọ̀ á máa sá aṣọ àlòkù kan náà lójoojúmọ́ kí olè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́? Mo rán tuntun. Mi ò nílò téèpù. Ìwọ̀n rẹ wà nínú orí mi láti ọjọ́ tí o ti lọ, èjìká, àyà, ìbàdí àti gígùn. Mo ti rán búlúù kan, mo ti rán aláwọ̀ ewé kan, mò ń rán olódòdó kan lọ́wọ́. Bí atẹ́gùn adágún bá fẹ́ wọnú wọn lórí okùn, ó máa ń dà bíi pé o dúró síbẹ̀ tí ò ń nawọ́. Mo máa ń wò ó pẹ́.

Ohun kan tún wà tí ìwọ àtàwọn olówó rẹ ò rò. Ilé tí èèyàn ń gbé, wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, iná ò sì lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, màá gbóhùn sókè pé, "Sísí, mo ti dé o. Ṣé o ti jẹun?" Màá dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, màá wá ní, "Ó dáa, máa sinmi." Ẹni tó bá ń kọjá á gbọ́. Bí olè náà bá ń kọjá, á gbọ́. Kápẹ́ńtà ní òun ò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè gbàgbé rẹ̀.

Bàbá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Mo ka ọ̀rọ̀ àga yẹn fún obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ kó bá mi. Ìyá Kékeré kọ lẹ́tà kan sí mi tí mi ò lè kà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní gbogbo ìlú ti gbọ́ pé mo wálé, pé aṣọ mi tuntun-tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, mi ò sì lè yọjú sí òun. Ó ní òun fẹsẹ̀ ara òun rìn dé ilé, òun gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, òun kanlẹ̀kùn, ẹ sì yọrí jáde, ẹ ní mò ń sùn. Ó ní òun tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá mi wà ní àìsàn ni mo wá ń sùn fún. Àdírẹ́sì ibí ló kọ ọ́ sí, ó ní bí mo bá ti padà kí n bá a níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àbúrò yín ni, kì í ṣe olè. Ẹ sì dẹ̀yìn lẹ́yìn aṣọ rírán yẹn, ojú yín lẹ̀ ń fi ṣòfò. Àlòkù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ti tó láti fi tan olè jẹ. Mo tún lọ béèrè ìwé mi, wọ́n ní kí n lọ máa retí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Sísí mi,

Mo kí ọ. Nípa Ìyá Kékeré, lóòótọ́ àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ohun tí mo bá sọ fún un láàárọ̀, olè á ti gbọ́ ọ kí ó tó di ọ̀sán. Mo ní kó máa bínú lọ. Ìbínú kì í yọ férémù.

Mo ti kó wá sínú ilé báyìí. Mo rò ó pé kí ni mò ń sáré padà sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ ṣe? Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí pálọ̀ rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára fún ojú mi. Ìkòkò kan jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, kì í ṣe nǹkan bàbàrà, Kápẹ́ńtà ti bá mi ha á.

Ìrọ̀lẹ́ ibí dára o. Lánàá, a jókòó síwájú ilé títí adágún fi dúdú. Mo bu abọ́ oúnjẹ méjì, a ò rí ìkejì jẹ tán. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo máa ń sọ ọ́ títí tí oorun á fi gbé mi lọ lórí àga. Nígbà tí o wà ní kékeré, ta ló lè pa ọ́ lẹ́nu mọ́?

Aṣọ olódòdó ti parí. Ó dára ju àwọn tó kù lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni "a"?

Ẹ ní a jókòó síwájú ilé. Ẹ ní ẹ bu abọ́ méjì. Ẹ kó kúrò nílé yín láìsọ fún mi, ẹ wá ń gbé ilé mi, ẹ sì ń bá ẹnì kan jẹun níbẹ̀. Bí obìnrin ni, ẹ sọ. Bí ayálégbé lẹ fi síbẹ̀, ẹ sọ. Kì í ṣe pé inú mi ò ní dùn bí ẹ bá rí ẹni bá yín gbé. Ó pẹ́ tí Màmá ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni náà, inú yàrá tí ẹrù mi wà ló sì ń sùn. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ilé dà bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ mú èèyàn wá. Wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má ní ààlà.

Mo fi ọwọ́ ara mi fọ ilẹ̀ ilé onílé kí n tó kọ́ ilé yẹn. Mo fẹ́ máa rántí rẹ̀ bí mo ṣe fi sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ ò tíì fèsì. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ti le jù, ẹ forí jì mí, ẹnu mi ló máa ń yá ju inú mi lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìyàwó, ẹ gbé e. Kí ó sùn sí yàrá mi. Ẹ ṣáà kọ ìlà méjì péré, kí n mọ̀ pé ẹ wà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje

Sísí,

Mi ò kí ọ, nítorí a ti kíra wa láàárọ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo kí ọ.

Kò yẹ kí bàbá máa kọ̀wé sí ọmọ tó wà nínú yàrá kejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá kanlẹ̀kùn, o kì í dá mi lóhùn. Lẹ́tà nìkan lo máa ń dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Kápẹ́ńtà bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rẹ ti òkè òkun, bóyá wàá rí i kà.

O bi mí pé obìnrin wo ló wà nílé rẹ. Ṣé o ò mọ ara rẹ mọ́ ni? O ti dé láti ìgbà òjò. Mo sọ fún gbogbo ayé pé o ti dé. Mo gbé aṣọ olódòdó kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, o ò wọ̀ ọ́. Mo bu oúnjẹ fún ọ, o ò fọwọ́ kàn án, èmi ni mo máa ń dà á nù láàárọ̀ kí Kápẹ́ńtà má bàa rí i kó máa káàánú mi. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ fún mi. Àgbà náà máa ń ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wọ inú ilé kó tì í mọ́ bàbá rẹ̀ lójú, ó ń dùn mí.

Mo ti kan pákó mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn. Olè kankan ò ní gba ibẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ

Sísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Báwo ni o? Mi ò bínú sí ọ mọ́. Ẹni tí ǹ bá máa bínú sí ò sí nílé, mo ti wá mọ̀ báyìí. Kápẹ́ńtà ló wá bá mi, ó ní òun ò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ti iná, ti aṣọ, ti ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ fi ń dẹ́rù ba olè. Ó ní eré ni lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní àwọn méjèèjì jọ ń fi í rẹ́rìn-ín ni. Ìgbà tó yá, òun nìkan ló kù tó ń rẹ́rìn-ín, òun náà wá dákẹ́.

Mo wọlé. Ilé mọ́ tónítóní, kò sí ẹrù rẹ kan tó sọ nù. Abọ́ méjì wà lórí tábìlì. Aṣọ pọ̀ lórí okùn dé ibi tí okùn fi kanlẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tí aṣọ tirẹ̀ tán, ó ti gé ti àwọn oníbàárà, wọ́n sì ń wá a kiri. Ó kí mi dáadáa, ó sì pè mí ní ìyá wa tó ti kú.

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní àrùn ọpọlọ tó máa ń ṣe àwọn àgbà ni, pé kì í padà sẹ́yìn, ó kàn máa ń rọra lọ síwájú ni. Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ò lè fi ọmọ òun sílẹ̀ ní òun nìkan nínú ilé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Sísí ò sí níbẹ̀. Kò wálé." Ó yára ti fèrèsé kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o fẹ́ kí olè gbọ́ ni?"

Mi ò bá ọ wí. Ìwọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣọ́ ilé ni, ó sì ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá máa wá, wá nísinsìnyí tó ṣì mọ̀ pé òun bímọ.

Èmi ìyá rẹ kékeré.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mò ń bọ̀. Ìwé ìgbélùú náà ò tíì dé, mi ò sì dúró dè é mọ́. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ àwọn onílé padà fún wọn. Bí wọn ò bá jẹ́ kí n wọlé síbí mọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí n wọlé. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ilé àwọn èèyàn tó ń lọ síbi tí wọ́n bá fẹ́. Èmi ò lè lọ síbi tí bàbá mi wà. Ó sú mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni ọmọ yín, mo sì jìnnà. Mi ò bá yín jà. Mi ò kọ oúnjẹ yín. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti jẹ ẹ́ tán, kí n sì tún béèrè òmíràn. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn, ẹ ṣí i, èmi ni.

Ẹ dúró dè mí, Bàbá mi. Ẹ ṣáà dúró dè mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá

Sísí mi,

Mo kí ọ. Ara mi le. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn yìí lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó bù mọ́ ọn. Olè dé.

Ọ̀sán gangan ló dé, kò tilẹ̀ ní ìtìjú. Obìnrin kan ni, ó gbé àpò ńlá méjì dání. Kì í ṣe ọmọdé, ewú ti ń yọ ní iwájú orí rẹ̀. Láti ẹnu géètì ló ti ń pè mí ní Bàbá mi. Àwọn olè òde òní kàwé. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ wádìí ìdílé èèyàn wò kí wọ́n tó yọjú. Èyí mọ ohun tí ìyá rẹ máa ń pè mí. Ó mọ̀ pé òjò gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Ó ní òun ni ìwọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́ o. Ohùn rẹ̀ jọ tìrẹ. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni mí, ojú lè purọ́, ìwọ̀n kì í purọ́. Mo bọ́ aṣọ búlúù wá láti orí okùn, mo ní kó wọ̀ ọ́ kí n rí i. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá wọ̀ ọ́, kò kọjá èjìká rẹ̀. Ó ń fà á, aṣọ náà ò lọ. Ó dúró síbẹ̀ tó ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú aṣọ ọmọ mi, èkejì wà níta. Ó ní, "Bàbá mi, mo ti sanra ni. Ó ti pẹ́ ni." Mo ní kó bọ́ ọ kó tó fà á ya.

Mi ò lù ú. Mo sìn ín dé géètì, mo sì tì í. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ níta títí Ìyá Kékeré fi wá mú un lọ. Wo irú àbúrò tí mo ní, olè ń rí ibi sùn nílé rẹ̀.

Ìwọ máa fọkàn balẹ̀ níbi tí o wà. Ilé rẹ ò ṣí. Kò sí nǹkan kan tó sọ nù.

Bàbá rẹ.


Lẹ́yìn àpò ìwé yẹn kan náà

Sísí, Kápẹ́ńtà ni bàbá rẹ ní kó lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ lókè òkun, ó sì gbé e wá fún mi. Mo rò ó títí, pé kí ni lẹ́tà máa lọ ṣe lókè òkun nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn nílé mi? Mi ò láyà láti fún ọ lójúkojú. Mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Bí o bá kà á tán, jáde wá jẹun. Lẹ́tà tí o kọ sí i ní oṣù tó kọjá wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, Kápẹ́ńtà ní ojoojúmọ́ ló ń kà á. Ọ̀rọ̀ rẹ ṣì ń wọ̀ ọ́ létí, bí ó bá ti wà nínú ìwé.

Èmi ìyá rẹ kékeré.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti òkè òkun. Mo rí lẹ́tà yín gbà, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣọ́ ilé bíi yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo rán obìnrin yẹn wá, mo sì gbàgbé láti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe olè. Ẹ̀rù yín ló bà á tó fi sọ pé òun ni èmi. Mo ti bá a wí. Mo rán an pé kó wá máa bá yín dáná, kó máa bá yín fọṣọ, kí ó sì máa bá yín ṣọ́ ilé títí màá fi dé. Ó máa padà wá lọ́la, Ìyá Kékeré á sì tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí géètì fún un. Ẹ fún un ní yàrá mi, mo yọ̀ǹda.

Bí ó bá ń pè yín ní Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó máa pè yín bẹ́ẹ̀. Bàbá tirẹ̀ ò dá a mọ̀ mọ́, ó sì ń dùn ún gan-an. Ẹ má fún un ní aṣọ mi wọ̀ mọ́. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì rán tiẹ̀ fún un. Bí oúnjẹ rẹ̀ ò bá dùn, ẹ fara dà á.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Bàbá mi. Mi ò kọ ọ́ rí nínú lẹ́tà.

Ọmọ yín kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá

Sísí mi,

Mo kí ọ. Obìnrin tí o rán wá ti dé, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un nítorí tìrẹ.

Mi ò rí ẹ̀sùn kan kà sí i lọ́rùn. Ó máa ń tètè jí. Oúnjẹ rẹ̀ dára, àwa méjèèjì la sì jọ ń jẹ ẹ́ tán. Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó síwájú ilé, ó sì máa ń bi mí léèrè nípa rẹ, bí o ṣe rí nígbà tí o wà ní kékeré, ohun tí o máa ń sọ. Bí mo bá ń sọ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín, ìgbà mìíràn á dìde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n bí o ṣe ní kí n ṣe. Mo rán aṣọ kan fún un, ó bá a mu rẹ́gí. Kò fẹ́ bọ́ ọ.

Ìyá Kékeré ní kí n gbà á bí ọmọ. Mo ní èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọmọ kan ni mo bí, mi ò lè torí pé ó jìnnà kí n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Obìnrin náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní òótọ́ ni mo sọ.

Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ìwọ náà sì ti pẹ́ jù. Tètè kọ̀wé, kí o sọ ọjọ́ tí o máa dé, kí n lè sọ fún obìnrin náà kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní yàrá rẹ.

Bàbá rẹ.